Ẹ Gbójú Kúrò Lápò Lágbájá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹ pa fóònù yín, ẹ yọ ohun tí ẹ kì bọ etí, kí ẹ sì fara balẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí tí a sì kọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí wúwo, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e káàkiri inú mi láìrí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní máa tẹ fóònù. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo orí ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ti wọ́ tán. Ohun tó sì wọ́ wọn lórí kì í ṣe ogun, kì í ṣe ọ̀dá, kì í ṣe àjàkálẹ̀ àrùn. Ìwé pélébé kan ni. Payslip ni ẹ ń pè é.

Mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ láwọn ọ́fíìsì yín, ní Ìkẹjà, ní Marina, títí dé Dùgbẹ̀. Ọmọ ènìyàn á jí láàárọ̀, á wẹ̀, á fín lọ́fínńdà, á kí gbogbo ayé, á fẹ̀rín wọlé iṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán, á lọ mú ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ìwé tirẹ̀ kọ́ ló wà lókè. Ti Lágbájá ni. Lágbájá tí wọ́n jọ jókòó, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí òun gan-an kọ́ ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ẹ̀rọ yẹn tó ṣí. Ìwé náà ṣì gbóná. Ọmọlúàbí á dojú rẹ̀ dé, á mú tirẹ̀, á máa lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń wá lojú ń rí. Ó ka orúkọ, ó ka oṣù, ó ka owó orí, ó ka owó ìfẹ̀yìntì, ó sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dé ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí wọ́n kọ àpapọ̀ sí, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kejì nítorí ó rò pé òdo kan ti lé. Òdo kankan kò lé.

Láti ọjọ́ náà ni ọ́fíìsì kò ti rójú. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí Lágbájá bá kí i, imú ló fi ń dáhùn. Ìrẹsì tí wọ́n jọ máa ń rà lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ, ó ti ń dá tirẹ̀ rà, ó sì ń yíjú sí ògiri jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wọn gbé ike omi sórí ẹ̀rọ omi tútù, á ní kí wọ́n lọ pe àwọn tí ń gba owó ńlá. Tó bá di alẹ́, á gbé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sórí WhatsApp, pé Ọlọ́run kì í sùn, pé ohun tó pamọ́ lójú ènìyàn kò pamọ́ lójú Ẹlẹ́dàá. Ìyá rẹ̀ nílé á rí i, á bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Lágbájá náà á rí i, á sì dáhùn pé "Àmín".

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé báyìí la ṣe ń ṣe ìlara? Ní ayé ìgbà tiwa, ìlara ní ìlànà. Bí a bá fẹ́ jowú ẹnì kan, a ó wọ agbádá lọ sílé rẹ̀, a ó jẹ iyán rẹ̀, a ó pọ́n ọn lé, a ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí a tó padà sílé lọ sọ fún ìyàwó wa wúyẹ́wúyẹ́ pé ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń rówó kò yé wa. Ìlara tó ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ ní sùúrù kí iṣu jiná.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ìgbà tí ayé ṣì jẹ́ ayé. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń gba owó oṣù ní ilẹ̀ yìí, àáró ni àgbẹ̀ ń ṣe. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á lọ sóko tèmi. Lọ́túnla, a ó lọ sóko tìrẹ. Ebè ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́, ojú gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Bí o bá kọ igba ebè fún mi, igba ebè ni n ó kọ padà fún ọ. Ẹni tó bá kọ ọgọ́jọ tó ní òun kọ igba, kí oòrùn tó wọ̀ gbogbo abúlé ti gbọ́, wọ́n á sì ti fún un ní orúkọ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ á jogún. Ẹnikẹ́ni kò kọ "àṣírí" sára ebè. Ebè wà ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ kà á kó lọ kà á.

Nígbà tí ìwé kíkà dé, tí a di akọ̀wé ìjọba, gbangba náà ni owó wà. Nígbà tó yá, ìpele ni wọ́n wá fi ń mọ òṣìṣẹ́ ìjọba, láti ìkíní dé ìkẹtàdínlógún, àtẹ̀gùn kéékèèké sì wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ní ọkùnrin kan wà ní Level 8, step 4, ìyàwó rẹ̀ mọ iye tó ń gbà, àna rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí ń ta bùrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà Sẹkitéríàtì sì mọ iye tó lè tà fún un láwìn kí oṣù tó parí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Udoji, tó yẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba wò, gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1974, tí ìjọba Gowon fọwọ́ sí i, tí wọ́n sì ka àfikún owó oṣù náà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin ọdún yẹn, ta ni kò mọ̀ nígbà tí owó àjẹsílẹ̀ wọlé? A kò nílò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Rédíò tuntun tó ń han gooro nílé aládùúgbò ló sọ fún wa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni náà gbọ́ rédíò yẹn, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ níbi púpọ̀, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ Udoji tiwọn. Ọjà gbówó lórí fún gbogbo wa lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Kò sí ẹni tó lọ yínmú sí akọ̀wé tó ra rédíò. Ẹni tí ń sanwó ni wọ́n kojú sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ṣáájú wọn ṣe. Ní 1945, ogun àgbáyé ti sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n, owó òṣìṣẹ́ dúdú kò sì kúrò lójú kan, bẹ́ẹ̀ ìjọba amúnisìn ti wá àjẹmọ́nú fún àwọn òyìnbó tó wà nínú iṣẹ́ ìjọba. Michael Imoudu, ọmọ reluwé, tí wọ́n ti lé kúrò ní Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà lọ́dún yẹn, wà lára àwọn tó ṣáájú ìyanṣẹ́lódì. Reluwé dúró, ilé ìfìwéránṣẹ́ dúró, ó sì lé ní oṣù kan tí wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, wá sọ lẹ́yìn náà pé kí wọ́n fi ìdajì lé owó ìrànwọ́ oúnjẹ wọn. Nínú gbogbo rògbòdìyàn yìí, n kò gbọ́ pé Imoudu kọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ sórí ohunkóhun.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ nìyí. Ẹ̀yin ọmọ òde òní wọ ilé iṣẹ́ onígíláàsì, wọ́n gbé lẹ́tà fún yín tí wọ́n kọ CONFIDENTIAL sí lórí, wọ́n ní owó oṣù yín jẹ́ àṣírí láàárín ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́, pé ẹni tó bá sọ ọ́ síta ti ṣẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ti wọ̀ yín lórí. Ẹ kò bi ara yín pé ta ni àṣírí náà ń ṣe láǹfààní. Ẹni méjì tí kò mọ iye tí ara wọn ń gbà kò lè jọ béèrè nǹkan kan náà. Ọ̀kan á máa dúpẹ́, èkejì á máa dúpẹ́, ọ̀gá á sì máa fi ìyókù ra jíìpù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín sá lọ, Òfin Ìdọ́gba ti 2010 ti sọ pé irú ìlérí àṣírí bẹ́ẹ̀ kò lè de òṣìṣẹ́ tó ń sọ owó oṣù rẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Peckham lè sọ tirẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Ìkẹjà ń fi tiyín pamọ́ fún ìyàwó.

Ẹ̀yin oníbíbélì, ẹ ṣí Mátíù orí ogún. Ẹ rántí baálé tó gba àwọn alágbàṣe sínú ọgbà àjàrà. Àwọn kan wọlé láàárọ̀ kùtù, wọ́n sì ti bá a pinnu owó. Àwọn kan wọlé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó ní kí ìríjú bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó láti ọ̀dọ̀ àwọn tó dé kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìjà ti bẹ̀rẹ̀! Ká ní ó kọ́kọ́ san ti àwọn tó tètè dé ni, wọn ì bá ti gbowó wọn, wọn ì bá ti dé ilé, wọn ì bá ti máa jẹun. Baálé yẹn ṣe é ní gbangba, ó sì dúró gbọ́ ìbéèrè. Bó bá jẹ́ HR ilé iṣẹ́ yín ni ìríjú, ì bá ti fi owó sínú àpò ìwé, ì bá lẹ̀ ẹ́ pa, ì bá sì ní kí kálukú gba ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ jáde.

Àpò ìwé tí a lẹ̀ pa kì í sì mú àlàáfíà wá. Ẹ wo ìkómọ kan tí a ṣe ládùúgbò wa. Èmi àti àgbà kejì ni wọ́n pè láti gbàdúrà. Àdúrà kan náà la gbà; kódà tèmi gùn jù, mo ki ìdílé méjèèjì dé ìran kẹta. Wọ́n fún kálukú wa ní àpò ìwé. Tirẹ̀ wú ju tèmi lọ. N kò yọjú wò ó, nítorí àgbà kì í yọjú. Wọn kò lẹ àpò ìwé náà dáadáa ni, atẹ́gùn sì fẹ́, ẹ sì mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni atẹ́gùn. Iye tó wà níbẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin kì í wádìí. Ẹ rí iye, ẹ bínú. Ọmọkùnrin kan wá bá mi nílé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní Lágbájá ń gbà ju òun lọ pẹ̀lú àádóje ẹgbẹ̀rún. Mo ní kó gbé ìwé tirẹ̀ wá. Mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tí wọn kò fi kọ́ yín mọ́. Wọ́n yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì, bí òfin ṣe wí. Wọ́n yọ owó orí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yọ owó rẹpẹtẹ. Mo ní, "Èwo ni ti alájẹṣẹ́kù yìí?" Ó ní, "Bàbá, owó tí mo yá ni." Mo ní kí ló fi ṣe. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n fóònù tó gbé lé itan ní ojú mẹ́ta lẹ́yìn, gbogbo ojú náà sì ń wò mí. Ìlà òkè nínú ìwé Lágbájá, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, ló gbé dojú kọ ìlà ìsàlẹ̀ nínú tirẹ̀! Nígbà tí a gbé òkè kojú òkè, àádóje ẹgbẹ̀rún di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì. Ó ṣì dun ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó ti lè mu omi.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì yẹn ńkọ́? Ó ní ibi tó ti wá. Ìdí kan ni ìgbà tí kálukú wọlé. Ìwọ wọlé ṣáájú oṣù kẹfà 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Lágbájá wọlé lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ti dé, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ti ń wọkọ̀ òfurufú lọ sí Kánádà. Ọ̀gá ń wá ènìyàn lójú méjèèjì, ó san iye tí ọjà ń sọ. Ìwọ tí o ti wà nílé, wọ́n ń fi ìdá díẹ̀ lé owó àtijọ́ rẹ lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fún ọ ní ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ tó dúró ṣinṣin, tí wọ́n fi férémù sí. Ìjọba fúnra rẹ̀, tí kì í tètè yá, gbé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 ti 2019 sí ₦70,000 ní oṣù keje 2024. Bí ìjọba bá lè rí i pé ọjà ti yí padà, ọ̀gá rẹ náà rí i. Ó ń dúró kí o sọ ọ́ ni.

Ìdí kejì ni ẹnu yín. Nígbà tí wọ́n bi Lágbájá pé èló ló fẹ́, ó dárúkọ iye, ó sì pa ẹnu dé. Nígbà tí wọ́n bi ẹ̀yin, ẹ tẹrí ba, ẹ ní, "Iye tí ẹ bá ní, sà." Ojú tì mí nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìyá tó bí yín lè dúró ti agbọ̀n tòmátì kan ní Bódìjà títí ẹsẹ̀ á fi wú, á bínú lọ, á padà wá, á tún bínú lọ, títí aláta á fi bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e. Ẹ̀yin wá ta ìgbà èwe yín láìná an. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹ̀yin kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn èkùrọ́.

Ìdí mìíràn wà tí kò ní ẹ̀rín nínú, bí mo bá sì sọ̀rọ̀ débẹ̀, kí ẹ dákẹ́. Ẹ wọ báǹkì, ẹ ó rí àwọn ọmọ méjì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń ka owó kan náà, tí wọ́n ń wọ aṣọ kan náà, tí oníbàárà ń bú bákan náà. Ọ̀kan jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì. Èkejì jẹ́ ọmọ kọ́ńtíráàkì tí ilé iṣẹ́ mìíràn gbà wọlé, owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti ẹnì kejì nígbà mìíràn, kò sì sí nínú àjẹmọ́nú. Obìnrin wà tó jẹ́ pé nítorí ó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ṣe sọ pé ọkọ rẹ̀ á máa bọ́ ọ, kí ló fẹ́ fi owó ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọ̀gá sì wà, tí kò mọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí iwájú rẹ̀. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìgbà tí ẹ wọlé tàbí bí ẹ ṣe ná an. Ìrẹ́jẹ ni.

Òfin ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ó béèrè. Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999, ní abala 17, sọ kedere pé iṣẹ́ kan náà, owó kan náà, láìfi akọ tàbí abo yàtọ̀, láìfi ohunkóhun mìíràn yàtọ̀. Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ìwé kan náà sọ ní abala 6 pé àwọn ìlérí inú orí yẹn kì í ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ lè fi mú ìjọba. Àgbà gidi ni ìwé náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè. Síbẹ̀, àlàfo kan wà. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ìdọ́gba owó ọkùnrin àti obìnrin láti 1974, àtúnṣe tí wọ́n sì ṣe sí ìwé òfin ní 2010 fún ilé ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, Industrial Court, láṣẹ láti wo irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lóòótọ́, kó wá lọ́yà, kó má wá wòlíì.

Kí ẹ sì má fi ọ̀ràn falẹ̀. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Lilly Ledbetter, alábòójútó nílé iṣẹ́ táyà Goodyear ní ìpínlẹ̀ Alabama láti 1979. Ní 1998, nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ẹnì kan tí kò kọ orúkọ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí i. Ó rí i pé $3,727 ni òun ń gbà lóṣù, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà ń gba $4,286. Ó gbé wọn lọ ilé ẹjọ́. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ó pẹ́ jù, pé láàárín 180 ọjọ́ tí wọ́n ti pinnu owó náà ló yẹ kó ti ké, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ìpinnu náà ránṣẹ́ sí i nílé. Aṣòfin tún òfin ṣe, Obama fọwọ́ sí i ní 29 oṣù kìíní 2009, òfin àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí. Orúkọ obìnrin náà ló sì ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà nínú rẹ̀. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tó sì pẹ́ kó tó ké, ọmọ ẹlòmíràn ni ariwo rẹ̀ máa ń ṣe láǹfààní.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi, n kò sì ní tún un sọ, nítorí omi ń hó fún mi lórí iná.

Ẹ dá ìkíni Lágbájá padà fún un. Òun kọ́ ló kọ iye yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò mú un nínú tiyín. Bí wọ́n bá dín tirẹ̀ kù lóla, kọ́bọ̀ kan kò ní wọ àpò yín, àfi ìtura ọkàn, ìtura ọkàn kì í sì í san owó ilé. Ẹ pè é jáde lọ́wọ́ ọ̀sán, ẹ ra ẹ̀wà àti dòdò fún un, ẹ kọ́kọ́ sọ iye tí ẹ̀yin ń gbà, kí ẹ tó béèrè bó ṣe ṣe tirẹ̀. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ lè bá a níbẹ̀ pé ó ní ìwé ẹ̀rí tí ẹ kò ní, tàbí pé ilé iṣẹ́ mìíràn ti pè é kó tó ná tirẹ̀. Ẹ sì lè bá a pé òun náà ti rí ìwé Tàmẹ̀dù, tí kò sì sùn láti oṣù tó kọjá.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ bá ọ̀gá, ẹ má fi ìwé Lágbájá sọ́wọ́ o! Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ ó kó bá ọmọ ọlọ́mọ, ẹ ó sì kó bá ara yín. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ́dún kan ni kí ẹ kọ sílẹ̀, èyí tó mú owó wọlé àti èyí tí kò jẹ́ kí owó jáde. Ẹ wádìí iye tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń san fún irú rẹ̀. Ẹ má lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ má lọ nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tí dísẹ́ẹ̀lì tán. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹ dárúkọ iye, kí ẹ sì pa ẹnu dé. Bí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín, tó ní ìka kò dọ́gba, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé lóòótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n gbogbo ìka ló ń wọ ọbẹ̀ nígbà tí a bá ń jẹun. Bó bá kọ̀, ẹ kí i, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ ṣe é dáadáa, kí ẹ sì máa wá ibòmíràn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe iṣẹ́ wúruwùru nítorí owó kékeré, orúkọ tirẹ̀ ló ń bà jẹ́, orúkọ sì ni yóò gbé lọ síbi owó ńlá.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Lágbájá, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Mo rí yín níbẹ̀ tí ẹ ń mi orí. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ́ yín níṣẹ́ ń gbà tó kéré sí tiyín, ẹ̀yin ń ra súyà yíká ọ́fíìsì lópin oṣù, ẹ ní ire yín ni kí wọ́n bá yín yọ̀. Súyà kì í ṣe owó oṣù. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ tí a bí ire, ẹ fa ẹnì kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ iye tí yóò béèrè fún un. Bí wọ́n bá gbé tirẹ̀ sókè lónìí, ó máa rọ ẹ̀yin lọ́rùn láti béèrè lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí igi kò lè rí i, pàápàá bó bá gun orí igi láti wo ìwé oníwèé.

Mo ti sọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀gá bá fi owó lé owó fún ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ mọ ilé mi, ẹ sì mọ̀ pé ìmọ̀ràn àgbà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ fi ohun tí ẹ bá ní sínú àpò ìwé. Ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ má lẹ̀ ẹ́, kò kàn mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa yà sọ́dọ̀ àgbà kejì kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ kọ́kọ́ pè mí lórí fóònù, kí n mọ iye tí ẹ fẹ́ fún un.